Ìṣọ́ Àkókò Lò Lẹ́nu Ìrìn Àjò Iṣẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹni tí iṣẹ́ ń gbé kiri la kọ èyí fún: ẹni tó ń wọ bàálù, ọkọ̀ ojú irin tàbí mọ́tò lọ ṣèpàdé, lọ wo iṣẹ́, lọ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, tí iṣẹ́ mìíràn sì wà nílẹ̀ tí kò dúró dè é. Ohun kan ni ẹ ó máa bá pàdé nínú ọ̀pọ̀ ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀: ibi tí ọkọ̀ ti ń sáré kọ́ ni àkókò ti ń ṣòfò jù, ibi tí a ti ń dúró ni.

Wákàtí kan péré ni bàálù fi ń fò dé ibi tí mò ń lọ. Kí ló dé tí gbogbo ọjọ́ fi ń bá a lọ?

Nítorí pé wákàtí tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ ń kà. Ẹ ka ìrìn àjò náà láti ẹnu ọ̀nà ilé yín dé ẹnu ọ̀nà ibi tí ẹ ń lọ. Ká ní ìṣẹ́jú 50 ni ilé yín sí pápákọ̀ òfurufú, ẹ débẹ̀ ní wákàtí 2 kí bàálù tó gbéra, ẹ lo wákàtí 1 lófurufú, ìṣẹ́jú 40 láti sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ sì gba ẹrù, ìṣẹ́jú 45 wọ àárín ìlú. Wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 15 nìyẹn. Bí ẹ bá máa padà lọ́jọ́ kan náà, wákàtí 10 ààbọ̀ ti lọ kí ẹ tó la ẹnu sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé.

Ìṣirò yìí ló yẹ kó pinnu irú ọkọ̀ tí ẹ ó wọ̀. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń gbé èèyàn láti àárín ìlú kan dé àárín ìlú kejì ní wákàtí 4, ó ti yá ju bàálù yẹn lọ, ẹ ó sì jókòó sójú kan fún wákàtí 3 ó lé tí ẹ lè fi kọ nǹkan. Àkókò ti bàálù ti gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ṣàṣà ni èyí tó gùn tó wákàtí kan nínú rẹ̀ láìsí ẹni tó ní kí ẹ dìde, kí ẹ tò, tàbí kí ẹ bọ́ bẹ́líìtì.

Bí ó bá sì jẹ́ ìpàdé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, tí kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fojú rí tàbí fọwọ́ kàn níbẹ̀, ẹ ṣe é lórí fídíò. Àwọn ìrìn àjò kan wà tó jẹ́ pé àṣà ló ń mú wọn wáyé, kì í ṣe iṣẹ́.

Báwo ni mo ṣe lè mọ aago tó yẹ kí n kúrò nílé?

Ẹ̀yìn lẹ ó ti kà á bọ̀ wá síwájú. Ká ní aago 10 àárọ̀ ni wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì fún ìrìn àjò lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Aago 10 yẹn ni ìgbà tí bàálù máa kúrò lójú kan, kì í ṣe ìgbà tí ẹ ó wọlé. Géètì, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí ẹ ó gbà wọ bàálù, sábà máa ń pa ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 ṣáájú, ìyẹn aago 9:40. Káńtà tí wọ́n ti ń gba ẹrù máa ń pa ní nǹkan bíi wákàtí 1 ṣáájú, ìyẹn aago 9. Fún ìrìn àjò abẹ́lé, ìṣẹ́jú 40 sí 45 ló wọ́pọ̀. Láàárín káńtà àti géètì ni ìlà àyẹ̀wò àti ti iléeṣẹ́ ìwọ̀lé-wọ̀de wà, kò sì sẹ́ni tó lè ṣèlérí bí ìlà yẹn ṣe máa gùn tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí èèyàn débẹ̀ ní wákàtí 3 ṣáájú, tàbí wákàtí 2 fún ìrìn àjò abẹ́lé.

Ó wá ku ojú ọ̀nà. Ọjọ́ tí ọ̀nà bá dí jù ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe ọjọ́ tó dára. Bí ó bá máa ń gba ìṣẹ́jú 40 lọ́jọ́ tí ọ̀nà já gaara, tó sì máa ń gba 75 nígbà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, 75 lẹ ó kọ sílẹ̀. Aago 7 lẹ fẹ́ débẹ̀, nítorí náà aago 5:45 lẹ ó jáde. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á ti iwájú bẹ̀rẹ̀: "mo máa jí ní aago 6, mo máa wẹ̀, mo máa jáde." Ẹni tó bá kà á báyìí kì í rí aago 9 tí káńtà máa pa títí yóò fi dé iwájú rẹ̀.

Bí ẹ bá tètè dé, ẹ kọ́kọ́ kọjá ibi àyẹ̀wò kí ẹ tó jókòó ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe kó tó kọjá ibẹ̀ kì í lórí, nítorí ọkàn á máa wà lára ìlà.

Bàálù àárọ̀ ló dára ni, àbí ti ìrọ̀lẹ́?

Èyí tó kọ́kọ́ gbéra láàárọ̀ kì í sábà pẹ́. Bàálù kan náà ló máa ń lọ tó máa ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin márùn-ún lóòjọ́. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú 20 pẹ́ ní ìrìn kìíní, ó ń ru gbèsè yẹn lọ sí ìkejì, òmíràn á sì gùn ún. Ti àárọ̀ ti sùn mọ́jú níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fagi lé e, àwọn mìíràn ṣì wà lọ́jọ́ náà tí wọ́n lè kó yín sí. Bí wọ́n bá fagi lé ti aago 9 alẹ́, ó di ọ̀la.

Àmọ́ ẹni tó jí ní aago 3 òru kó lè bá bàálù aago 6 kò ní ọpọlọ kan náà ní aago 3 ọ̀sán. Bí ìpàdé náà bá jẹ́ èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ pàdánù, ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sùn síbẹ̀. Owó hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan kò tó ohun tí ìpàdé tó fori ṣánpọ́n máa ná yín.

Mo máa pààrọ̀ bàálù lójú ọ̀nà. Àkókò wo ló yẹ kó wà láàárín méjèèjì?

Ó wà lọ́wọ́ bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ni tàbí méjì. Pápákọ̀ òfurufú kọ̀ọ̀kan ní iye ìṣẹ́jú tó kéré jù tí a gbà pé èèyàn lè fi sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù kan kó sì wọ òmíràn, iléeṣẹ́ bàálù kì í sì ta tíkẹ́ẹ̀tì tí àkókò rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má wá rò pé iye yẹn tó. Ọjọ́ tí nǹkan kan kò bàjẹ́ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí 1 lé e.

Bí ẹ bá máa kọjá lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìwọ̀lé-wọ̀de ní ibi tí ẹ ti ń pààrọ̀, wákàtí 3 ni kí ẹ fojú sí. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Amẹ́ríkà: ìlú àkọ́kọ́ tí èèyàn bá balẹ̀ sí níbẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí á gba ẹrù rẹ̀, tí á sì tún fà á kalẹ̀ fún bàálù kejì, kódà bí ìlú mìíràn bá ni òpin ìrìn àjò rẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló léwu jù. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, bí bàálù kìíní bá pẹ́ tí ẹ kò bá ìkejì, iléeṣẹ́ tó ta á ni yóò wá ààyè mìíràn fún yín. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì méjì, lójú iléeṣẹ́ kejì ẹ kò kàn wá ni. Owó ti lọ, wọ́n sì lè fagi lé ìrìn ìpadàbọ̀ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ fi ó kéré tán wákàtí 4 sáàárín, tàbí kí ẹ sùn mọ́jú níbẹ̀.

Mo kọ ìpàdé aago 9 àárọ̀ sínú kàlẹ́ńdà fóònù mi. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti di aago 3 ọ̀sán. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Fóònù yín kò ṣìnà. Nígbà tí ẹ kọ ọ́ nílé, ó gbà pé aago 9 ti ìlú yín lẹ ní lọ́kàn. Ẹ wá dé ibi tí aago rẹ̀ fi wákàtí 6 ṣáájú. Aago 9 tilé ti di aago 3 ọ̀sán níbẹ̀, ìyẹn ló sì gbé jáde.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé nígbà tí ẹ bá ń kọ ìpàdé sílẹ̀, ẹ yan aago ìlú tí ìpàdé náà ti máa wáyé. Google Calendar àti Outlook ní ibi tí wọ́n ti ń yàn án, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wákàtí ìpàdé gan-an. Ẹ tún kọ ọ́ sínú àkọlé: "Ìpàdé ìṣúná, aago 9 tibẹ̀." Bí ẹ̀rọ bá ṣe tirẹ̀ tán, ojú yín á rí òtítọ́. Kàlẹ́ńdà méjèèjì tún lè fi aago ìlú méjì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ tan ìyẹn ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó lọ, kí ẹ lè mọ ìgbà tí àwọn tibẹ̀ ń sùn kí ẹ tó pè wọ́n.

Ohun kan tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ fọwọ́ yí aago fóònù síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó yí ara rẹ̀, tàbí kí ẹ yan ìlú tuntun. Ìdí ni pé áàpù tó ń pèsè nọ́ńbà ìdánimọ̀, èyí tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 30, ara aago fóònù ló ti ń ṣírò nọ́ńbà náà. Bí ẹ bá fọwọ́ yí aago, nọ́ńbà á jáde, ṣùgbọ́n íméèlì àti báńkì kò ní gbà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi odidi àárọ̀ wá ìdí èyí.

Ṣé iye wákàtí tó wà láàárín ìlú méjì kì í yí padà?

Ó máa ń yí. Amẹ́ríkà máa ń sún aago síwájú ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kẹta, wọ́n á sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá. Ilẹ̀ Yúróòpù ń ṣe tiwọn ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta àti nínú oṣù kẹwàá. Nítorí náà wákàtí 5 ló sábà máa ń wà láàárín New York àti London, ṣùgbọ́n ó ń di 4 fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta nínú oṣù kẹta, àti fún ọ̀sẹ̀ kan ní ìparí oṣù kẹwàá. Àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fi wákàtí kan ṣìnà sí ìpàdé. Japan àti Íńdíà kì í yí aago rárá. Íńdíà tún ní ti ààbọ̀ wákàtí: wákàtí 5 ààbọ̀ ni wọ́n fi ṣáájú aago àjùmọ̀lò àgbáyé, Nepal fi wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 45 ṣáájú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi orí ṣírò irú èyí.

Ọjọ́ tún lè ṣì yín lọ́nà ju wákàtí lọ. Bí ẹ bá rí +1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tí ẹ máa balẹ̀, ọjọ́ kejì lẹ ó débẹ̀. Ẹ gba hòtẹ́ẹ̀lì fún alẹ́ tí ẹ bá débẹ̀, kì í ṣe alẹ́ tí ẹ gbéra. Bàálù aago 12:30 òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́ ọjọ́ Ajé lẹ ó lọ sí pápákọ̀. Èyí ń mú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìrìn àjò pàápàá! Ẹni tó bá fò láti Los Angeles lọ sí Sydney á fo ọjọ́ kan lórí kàlẹ́ńdà, nítorí ó kọjá ìlà tí ọjọ́ ti ń yí padà nínú òkun Pàsífíìkì.

Orun ń kun mí nínú ìpàdé, n kò sì rí orun sùn lóru. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ọjọ́ mélòó lẹ máa lò. Bí kò bá ju ọjọ́ 3 lọ, kò tọ́ kí ẹ máa da aago ara láàmú; kó tó mọ ibẹ̀, ẹ ti ń padà bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ara wà lórí aago ilé, kí ẹ sì bẹ àwọn tí ẹ fẹ́ bá pàdé fún àsìkò tó bá ara yín mu. Bí ẹ bá lọ síhà ìlà-oòrùn, níbi tí wọ́n fi wákàtí 6 ṣáájú, aago 8 àárọ̀ wọn jẹ́ aago 2 òru lára yín, aago 2 ọ̀sán wọn sì jẹ́ aago 8 àárọ̀. Nítorí náà, ìpàdé ọ̀sán ni kí ẹ béèrè. Bí ẹ bá lọ síhà ìwọ̀-oòrùn tí aago ibẹ̀ fi wákàtí 6 wà lẹ́yìn, aago 9 àárọ̀ wọn jẹ́ aago 3 ọ̀sán yín, àmọ́ aago 5 ìrọ̀lẹ́ wọn ti di aago 11 alẹ́. Ti àárọ̀ lẹ ó béèrè níbẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ pẹ̀lú àwọn oníbàárà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ síhà ìwọ̀-oòrùn, ẹ yẹra fún un bí ẹ bá lè ṣe é.

Bí ẹ bá máa pẹ́ níbẹ̀, ó yẹ kí ara yí. Aago ara ọ̀pọ̀ èèyàn fi díẹ̀ gùn ju wákàtí 24 lọ, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti pẹ́ sùn ju láti tètè sùn lọ. Síhà ìlà-oòrùn, nǹkan bíi wákàtí 1 ni ara ń yí lóòjọ́. Síhà ìwọ̀-oòrùn, ó lè tó wákàtí 1 ààbọ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ nílé ní ọjọ́ 3 ṣáájú: ẹ máa fi wákàtí kan tètè sùn lálaalẹ́ bí ìlà-oòrùn bá ni, tàbí kí ẹ máa fi wákàtí kan pẹ́ bí ìwọ̀-oòrùn bá ni.

Ìmọ́lẹ̀ ló lágbára jù láti yí aago yìí, òun náà ni àwọn èèyàn sì ń lò lódìlódì. Ara máa ń tutù jù ní nǹkan bíi wákàtí 2 sí 3 kí a tó jí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sójú ṣáájú àsìkò yẹn ń ti aago ara sẹ́yìn, tí oorun á fi pẹ́ kó tó dé. Èyí tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ ń tì í síwájú, tí oorun á fi tètè dé. Ẹni tó máa ń jí ní aago 7 nílé, nǹkan bí aago 4 sí 5 ni ara rẹ̀ máa ń tutù jù. Bó bá lọ síbi tó fi wákàtí 6 ṣáájú, ìyẹn di aago 10 sí 11 àárọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá wá jáde lọ rìn nínú oòrùn aago 7 àárọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé oòrùn àárọ̀ dára, ńṣe ló ń ti ara rẹ̀ sí ọ̀nà òdì. Kó wọ dígí dúdú tàbí kó wà nínú ilé títí di aago 11, kó tó wá lọ síta. Lójoojúmọ́ ni yóò máa fi nǹkan bíi wákàtí kan tètè jáde ju ti àná lọ. Síhà ìwọ̀-oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ló wúlò: ẹ wà níta títí oòrùn á fi wọ̀.

Ní ti kọfí, ìdajì èròjà inú rẹ̀ tó ń lé oorun ṣì máa ń wà nínú ara lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, nítorí náà ẹ ṣíwọ́ mímu rẹ̀ ní wákàtí 6 sí 8 kí ẹ tó sùn. Bí ẹ bá máa rẹjú lọ́sàn-án, kó má ju ìṣẹ́jú 20 sí 30 lọ, kó sì jẹ́ ṣáájú aago 3. Oorun ọ̀sán oníwákàtí kan ń mú kí ara wúwo nígbà tí ẹ bá jí, á sì tún jí ti òru gbé. Ní ti oògùn oorun àti melatonin (èròjà tí ara fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, tí wọ́n tún ń ṣe ní oníṣóró), ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lò ó, pàápàá bí ẹ bá ń lo oògùn mìíràn.

Iṣẹ́ wo ló yẹ kí n ṣe níbo?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú tiwa. Ẹ má to iṣẹ́ yín gẹ́gẹ́ bí ó ṣe jẹ́ kánjúkánjú nìkan. Ẹ tò ó gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń béèrè. Ṣé ó nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Ṣé ó nílò ìdákẹ́jẹ́ẹ́? Ṣé ó nílò kọ̀ǹpútà àti ọwọ́ méjèèjì? Ibi kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà ní ohun tó ń fúnni nínú mẹ́ta yìí.

Lórí ìlà, fóònù kan àti ọwọ́ kan lẹ ní. Ẹ fi pa íméèlì tí kò wúlò rẹ́, ẹ fi fọwọ́ sí ohun tó kàn ń dúró de "bẹ́ẹ̀ ni" yín. Níbi ìdúró ní géètì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà ṣùgbọ́n ariwo pọ̀: ìfèsì kúkúrú ló bá ibẹ̀ mu. Nínú bàálù, kò sí ẹni tó lè pè yín, kò sì sí àyè fún ìgbọ̀nwọ́. Ìwé kíkà ni tibẹ̀, àti àtúnṣe ohun tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀, tàbí kíkọ èyí tó nílò ìrònú. Ọkọ̀ ojú irin ló dára jù fún kíkọ nǹkan gígùn, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa lọ á máa bọ̀, nítorí náà ẹ má ṣètò ìpàdé fídíò sínú rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ń wa yín, ẹ lè fi pe èèyàn, bí ọ̀rọ̀ náà kò bá jẹ́ àṣírí. Awakọ̀ ní etí. Hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, ìgbà tí ó ti rẹ̀ yín, iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi sí i: ìwé ìnáwó, àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ya iṣẹ́ mẹ́ta sọ́tọ̀: ọ̀kan tó lè parí ní ìṣẹ́jú 10, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 30, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 90. Bí wọ́n bá kéde pé bàálù máa fi wákàtí 2 pẹ́, ẹ kò ní máa ronú pé kí ni kí n ṣe báyìí; ẹ ó kàn mú èyí tó gùn tó àyè náà. Ríronú ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ní ibi tí ariwo pọ̀, ló ń jẹ àkókò ju iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ohun tó sì ń ba gbogbo ètò yìí jẹ́ ni fáìlì tí kò ṣí. Google Drive, OneDrive àti iCloud lè fi orúkọ fáìlì hàn lórí kọ̀ǹpútà yín nígbà tí fáìlì gan-an ṣì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rí orúkọ, ẹ rò pé ẹ ti ní in. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ pa Wi-Fi, kí ẹ ṣí gbogbo fáìlì tí ẹ máa lò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ṣí, ẹ tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, ẹ wà á sílẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún máàpù ìlú náà àti fún tíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Ẹ ya àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì sínú fóònù.

Ṣé kí n máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò tí mo bá wà nínú bàálù?

Rárá. Nígbà gbígbéra àti bíbalẹ̀, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà nínú àpò, oúnjẹ á sì tún gba tábìlì lọ́wọ́ yín. Nínú ìrìn wákàtí 2, wákàtí 1 ó lé díẹ̀ lẹ máa rí lò. Bí ó bá jẹ́ ti òru, ẹ sùn.

Bátìrì ń tán kí n tó débẹ̀. Páwà báǹkì wo ni wọ́n máa jẹ́ kí n gbé wọlé?

Wọ́n ń fi Wh, ìyẹn iye agbára iná tó lè gbà, wọ̀n ọ́n, kì í ṣe mAh tí wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára. Ẹ mú mAh, ẹ fi 1,000 pín in, ẹ wá fi 3.7 sọ ọ́ di púpọ̀. 20,000 mAh jẹ́ 74 Wh. Èyí tí kò bá ju 100 Wh lọ, ẹ lè gbé e láìgbàyè. Láti 100 sí 160, iléeṣẹ́ bàálù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ kò wọlé rárá. Inú báàgì tó wà lọ́wọ́ yín ló gbọ́dọ̀ wà, kò gbọ́dọ̀ sí nínú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀, nítorí bí ó bá gbiná níbẹ̀ kò sí ẹni tó máa tètè rí i. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú ẹrù, wọ́n á pè yín padà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti lọ nìyẹn. Àwọn iléeṣẹ́ kan kì í tún jẹ́ kí èèyàn lò ó nínú bàálù, nítorí náà ẹ gba iná sínú kọ̀ǹpútà níbi ìdúró.

Ẹ má retí 20,000 pé pérépéré. Bí iná ṣe ń ti ara kan bọ́ sí òmíràn, nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan ń ṣòfò. Fóònù oní 5,000 mAh máa gbà á kún bí ẹ̀ẹ̀méjì ààbọ̀.

Ìpàdé mélòó ló yẹ kí n fi sí ọjọ́ kan?

Mẹ́ta, bí wọ́n bá wà ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ lè ṣe márùn-ún bí gbogbo wọn bá wà nínú ilé kan náà. Láàárín ìpàdé méjì, ẹ ka ojú ọ̀nà bí ó ṣe máa ń rí nígbà tó bá dí, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 lé e fún ẹnu géètì, níbi tí wọ́n ti máa ní kí ẹ kọ orúkọ, kí ẹ sì dúró de ẹni tó máa mú yín wọlé. Ẹ tún fi ìṣẹ́jú 15 mìíràn kún un fún kíkọ ohun tí ẹ ṣe àdéhùn lé lórí kalẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń gé ti ìkẹyìn yìí kúrò, ó sì máa ń dùn wọ́n lálẹ́ nígbà tí wọn kò bá rántí ẹni tó sọ èwo mọ́.

Ẹ kó àwọn tó wà ní apá kan ìlú náà pọ̀ sọ́jọ́ kan. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, ẹ fi ṣe ìkejì: ní ti àkọ́kọ́, ẹ ṣì ń kọ́ bí ìlú ṣe rí, ní ti ìkẹyìn, gbogbo ìdádúró ọjọ́ náà ti kó jọ sórí rẹ̀.

Nọ́ńbà tí báńkì ń fi ránṣẹ́ kò wọlé mọ́ látìgbà tí mo ti yí síìmù.

Síìmù ilé ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí. Kí ẹ tó rìn, ẹ gbé ohun tó bá ṣeé gbé sórí áàpù ìdánimọ̀, tí kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, kí ẹ sì tẹ àwọn nọ́ńbà ìpamọ́, èyí tí ẹ lè fi wọlé bí áàpù náà kò bá sí lọ́wọ́, síwèé. Bí fóònù yín bá gba síìmù méjì, ẹ fi ti ilé sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ kàn pa dátà rẹ̀.

Wi-Fi hòtẹ́ẹ̀lì tí kò gbé ojú ìwé ìwọlé jáde ńkọ́? VPN, áàpù tó ń bo ohun tí ẹ ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, ló sábà ń dí i. Ẹ pa á, ẹ wọlé, ẹ wá tan án padà.

Àwọn ará ọ́fíìsì kò jẹ́ kí n rímú mí. Wọ́n ń pè mí lójú ọ̀nà ṣáá.

Wọn kò mọ ìgbà tí ẹ ráyè ni. Ẹ yan àsìkò méjì lóòjọ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sínú ìfèsì íméèlì tó ń dá fèsì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú aago ilé, kì í ṣe aago ibi tí ẹ wà. Ẹ fi orúkọ ẹni tó lè ṣe ìpinnu sí i, àti iye tó lè fọwọ́ sí láìbi yín. Ìfèsì tó kàn sọ pé "mo wà lẹ́nu ìrìn àjò" kò dáhùn ìbéèrè kankan.

Èmi fúnra mi ni mò ń wa mọ́tò. Ṣé mo lè ka àkókò yẹn sí àkókò iṣẹ́?

Ẹ má kà á. Kódà bí ọwọ́ yín kò bá kan fóònù, ìjíròrò tó le ń gba ọkàn kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ fi ìsinmi ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí méjì-méjì, kí ẹ sì ṣe ìpè yín nígbà náà, pẹ̀lú ọkọ̀ tó dúró.

Báwo ni mo ṣe lè dín àkókò ẹrù dídì kù?

Ẹ ra ṣájà kejì, okùn kejì, búrọ́ọ̀ṣì kejì, kí wọ́n máa gbé inú báàgì títí lọ. Bí ẹ bá lè fi báàgì ọwọ́ nìkan rìn, ẹ jèrè ìṣẹ́jú 20 sí 40 nígbàkígbà tí ẹ bá balẹ̀. Nǹkan olómi kò gbọ́dọ̀ ju 100 ml lọ nínú ike kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ nínú ọ̀rá líta 1. Àwọn pápákọ̀ kan ti ń fààyè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ẹ̀rọ tuntun, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ máa gbà padà lè má gbà.

Ìwé ìrìnnà ni kí ẹ yẹ̀ wò ṣáájú gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹ́ kó ṣì ní oṣù 6 lórí. Ẹ wo èyí nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ ìrìn àjò náà, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó bá kù. Kí ẹ sì wo bóyá ibi tí ẹ ti ń pààrọ̀ bàálù náà ń béèrè físà.

Ọjọ́ tí mo bá dé padà, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ ti àárọ̀ ọjọ́ náà pa nínú kàlẹ́ńdà kí ẹ tó lọ rárá, nítorí bí ẹ bá ti lọ tán, àwọn ẹlòmíràn á ti kún un. Wákàtí àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìlérí tí ẹ ṣe lọ́hùn-ún: ẹni tí ẹ ní ẹ máa fi ìwé ránṣẹ́ sí, iye tí ẹ ní ẹ máa wádìí. Íméèlì tó kó jọ lè dúró di ọ̀sán; ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó dé kẹ́yìn, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ti yanjú ara rẹ̀ kí ẹ tó dé.

Ìwé ìnáwó ń gba odidi ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú 10 lọ lálaalẹ́. Bí ẹ bá ti gba rìsíìtì, ẹ ya á ní àwòrán lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ rìsíìtì ni wọn kò fi yíǹkì tẹ̀. Ooru ló ń kọ ọ́ sára ìwé tí wọ́n fi èròjà pa, ooru kan náà nínú mọ́tò tàbí nínú àpò sì lè pa ohun tó wà lára rẹ̀ rẹ́. Ẹ fi bíírò kọ ohun mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó yà á: ẹni tí ẹ bá lọ, iṣẹ́ tó jẹ mọ́, àti bóyá owó yín ni tàbí káàdì iléeṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹ náwó náà ni kí ẹ kọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀, nítorí akọ̀wé owó máa béèrè rẹ̀, wíwá iye ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló sì máa ń gba ọ̀sán.